Ìyàwó Bass Reeves ni mò ń bi léèrè

Báráàkì ọlọ́pàá ni wọ́n bí mi sí. Tí ẹ bá ń sọ ìtàn kóbọ́ì fún mi, ìyàwó tó wà nílé ni ọkàn mi máa ń lọ bá.

Ẹrú ni wọ́n bí Bass Reeves sí ní Arkansas, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1838. Nígbà ogun abẹ́lé ló sá wọ ilẹ̀ àwọn Índíà (àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í ṣe ará Íńdíà), tó di Oklahoma lónìí, ó sì gbọ́ èdè wọn. Ọdún 1875 ló gba báàjì ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, ó sì fi ọdún 32 lé ọ̀daràn kiri. Kò mọ̀wé o! Wọ́n á ka wáráǹtì, ìwé àṣẹ láti mú èèyàn, sí i létí, á há a sórí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọ̀daràn méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tí ẹ̀bùn 5,000 dọ́là wà lórí wọn. Wọ́n ní ó fi ẹṣin sílẹ̀, ó gé gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kúrò, ó dá ihò ìbọn mẹ́ta sí àkẹtẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rin máìlì 28 dé ilé ìyá wọn. Ó ní ọlọ́pàá ló ń lé òun. Ìyá fún un lóúnjẹ, ó tiẹ̀ ní kó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ òun! Wọ́n sùn sí yàrá kan náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, wọn ò tíì jí. Máìlì mẹ́ta ni ìyá fi tẹ̀ lé e, tó ń ṣépè.

Ọdún 1864 ni Reeves fẹ́ Jennie. Ọmọ rẹpẹtẹ ló bí fún un, ọkọ á sì wà nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọdún 1896 ni Jennie kú. Ọkọ fẹ́ Winnie lọ́dún 1900.

Màámi kì í te ẹ̀bà bàbá mi àfi tó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ ní kọ́rídọ̀. Omi á hó, á gbẹ, á tún bu òmíràn sí i. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìfẹ́ nínú fíìmù, ìkòkò omi ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Mo sọ ìtàn bàtà yẹn fún màámi lórí fóònù lánàá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Máìlì 28? Ta ló wá fọ aṣọ yẹn?"