Ẹ̀pà Mẹ́rìnlá Lórí Máàpù

Ní ọdún 2023, a kó àwọn ọmọ wa mẹ́ta sínú ọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, a sì gba orílẹ̀-èdè mẹ́fà kọjá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èmi nìkan ni mo ṣètò ìrìn-àjò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kọ àkókò tí a ó jí, àkókò tí a ó jẹun àti iye ìṣẹ́jú tí a ó lò ní ibi ìríran kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, mo sì fi ọ̀rá bò ó kí òjò má baà bà á jẹ́. Nígbà tí a padà délé, mo bi Kẹ́hìndé léèrè ohun tí ó dùn mọ́ ọn jù nínú gbogbo ohun tí ó rí. Ó ronú díẹ̀, ó ní ilé epo kan ni, ní ojú ọ̀nà Jámánì, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni a ti fi òun sílẹ̀ kí òun sùn fún wákàtí kan gbáko láìsí ẹni tí ó jí òun pé kí òun wá wo ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Àkọ́bí wa ti di ọmọ ọdún 17 báyìí, àwọn ìbejì sì ti pé ọdún 15. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ènìyàn lè gbé sẹ́yìn ọkọ̀, kí ó fún un ní bisikíìtì, kí ó sì máa lọ. Ọ̀dọ́langba yóò béèrè ibi tí a ń lọ, yóò béèrè ìdí, bí ìdí náà kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fi nǹkan dí etí rẹ̀ títí a ó fi dé. Nítorí náà, nígbà tí ìyá wọn dá a lábàá pé kí a tún lọ ní oṣù kẹjọ tí ń bọ̀, mo tẹ́ máàpù Yúróòpù kan tí ó jẹ́ ti bébà sórí tábìlì ìjẹun, mo ka ẹ̀pà mẹ́rìnlá sínú àwo, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé òru mẹ́rìnlá ni owó wa ká, ẹ̀pà kan fún òru kan, kí wọ́n pín in bí ó bá ṣe wù wọ́n. Òfin méjì péré ni mo fi lé e. A kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ju nǹkan bí wákàtí márùn-ún lọ ní ọjọ́ kan, ẹni tí ó bá sì jẹ ẹ̀pà kan ti jẹ òru kan.

Mo rò pé wọn yóò tò ó kárí gbogbo ilẹ̀ náà bí mo ti ṣe nígbà náà, ṣùgbọ́n ìlú mẹ́fà péré ni wọ́n yàn. Táíwò kọ́kọ́ gbé ẹ̀pà mẹ́ta sórí Freiburg ní gúúsù Jámánì, kì í ṣe nítorí ìlú náà fúnra rẹ̀ bí kò ṣe nítorí Europa-Park, ọgbà ìṣeré ńlá tí ó wà ní Rust nítòsí ibẹ̀, èyí tí ó tóbi jù lọ ní Jámánì. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ fẹ́ dúró sí orílẹ̀-èdè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti rí i lórí fóònù rẹ̀ pé òkè kan wà ní Vaals tí ó ga ní mítà 322, níbi tí Bẹ́ljíọ̀mù, Họ́láǹdì àti Jámánì ti pàdé, kò sì jìnnà sí ọ̀nà tí a ó gbà láti Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ sí Köln ní Jámánì. Wákàtí kan gbáko ni a fi jiyàn bóyá a lè ka Họ́láǹdì mọ́ orílẹ̀-èdè tí a dé bí a bá fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní a kò lè kà á. Wọ́n dìbò, mo sì pàdánù.

Àkọ́bí ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ó ń kọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́, ó sì ní òun kò bèèrè ohun mìíràn ju pé kí a dúró fún wákàtí mẹ́ta ní Tervuren, lẹ́bàá Brussels, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa Áfíríkà wà. Mo mọ̀ pé ilé náà wà, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ fún mi pé ní ọdún 1897, Ọba Leopold Kejì ti Bẹ́ljíọ̀mù kó àwọn ará Kóńgò 267 wá sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ìpàtẹ, ó ní wọ́n fi wọ́n sí abúlé àtọwọ́dá ní Tervuren kí àwọn ènìyàn máa wò wọ́n, àti pé méje nínú wọn kú, wọ́n sì sin wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà. Mo ní, “Ṣé ìsinmi ni a ń lọ ṣe ni àbí a ń lọ ṣọ̀fọ̀?” Ó wò mí, ó sì fi Yorùbá tí ó ń ta kókó dá mi lóhùn: “Dádì, ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.” Kí ni mo fẹ́ sọ mọ́? Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ọjọ́ Mọ́ńdè gan-an ni a ì bá sì kọjá níbẹ̀ bí a bá gbéra ní Sátidé gẹ́gẹ́ bí mo ṣe pète. Bí a ṣe yí ọjọ́ ìgbéra padà sí Fráìdè nìyẹn, kí a lè dé Tervuren ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kì í sì í rìn ní márosẹ̀ Jámánì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sunday kan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ìtajà Jámánì máa ń wà ní títì, nítorí náà Ghent ni a ó ti ra oúnjẹ alẹ́ Köln dání.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba oorun lójú mi ni ti físà. Ìyá wọn àti àwọn ọmọ ní ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba, ìyẹn sì gbà wọ́n láyè láti wà ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jùmọ̀ ń lo físà kan, fún 90 ọjọ́ nínú 180 ọjọ́ láìgba físà. Èmi nìkan ni mo ṣì ń gbé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà aláwọ̀ ewé kiri nínú ilé wa, nítorí ìlọ́ra tèmi, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Físà Schengen kan náà ni yóò gbà mí wọ gbogbo orílẹ̀-èdè tí a ń lọ, títí kan Swítsàlandì tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ènìyàn yóò ti pẹ́ jù ni ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí. Bí iye ọjọ́ bá dọ́gba, ti ibi tí yóò kọ́kọ́ gbà wọlé ni a ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, iye ẹ̀pà tí ó wà lórí máàpù ni ó ń sọ ẹni tí n óò bẹ̀.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, méjì wà lórí Ghent, mẹ́ta lórí Köln, mẹ́ta lórí Freiburg, méjì lórí Luzern ní Swítsàlandì, ọ̀kan lórí Strasbourg àti mẹ́ta lórí Paris ní Faransé. Mẹ́fà ti Jámánì ju mẹ́rin ti Faransé lọ, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù Jámánì lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn mi: “Bàbá Ìbejì, ẹ ti jẹ Köln.” Bí ó ṣe rí nìyẹn. Ọwọ́ mi ti nà síbẹ̀ láìmọ̀, mo sì ti ń jẹ òru kan lẹ́nu. Àwọn ọmọ ṣàánú mi, wọ́n mú ẹ̀pà mìíràn jáde, ṣùgbọ́n orí Paris ni wọ́n gbé e sí. Ó wá di márùn-ún sí márùn-ún. Ojú ihò abẹ́ òkun ni a ó gbà jáde sí Calais, nítorí náà Faransé ni ó yẹ kí ó jẹ́; síbẹ̀ n kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan máa fi òǹkà dá mi dúró, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé ẹ̀pà kan kúrò lórí Köln lọ sí Strasbourg. Mẹ́fà sí mẹ́rin, kò sí àríyànjiyàn. Ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Köln, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1248 tí wọn kò sì parí títí di 1880, fi máa gba òwúrọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú àtẹ̀gùn 533 rẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò ju oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò tí ènìyàn lè kọ̀wé fún físà náà, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ 90 Yúrò láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tí ó lè san ó kéré tán 30,000 Yúrò fún ìtọ́jú àìsàn sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ilé tí a lè gba owó rẹ̀ padà bí a bá fagi lé e nìkan ni a háyà, nítorí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ “rárá”. Bí ó bá lọ rí bẹ́ẹ̀, ìyá wọn ni yóò kó wọn lọ, mo sì ti kọ lẹ́tà méjì sílẹ̀ dè é: ọ̀kan pé mo fọwọ́ sí i kí ó mú àwọn ọmọ jáde, èkejì pé mo yọ̀ǹda ọkọ̀ fún un, nítorí orúkọ mi ni ó wà lórí ìwé ọkọ̀ náà.

Ìgbà tí mo ń fi tèmi ṣe wàhálà ni mo ṣí ìwé ìrìnnà àwọn ìbejì wò. Ọdún márùn-ún péré ni ti ọmọdé ní Ìlú Ọba fi ń ṣiṣẹ́, tiwọn yóò sì parí ní oṣù kẹwàá. Ó gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lórí ìwé ìrìnnà lẹ́yìn ọjọ́ tí ènìyàn bá kúrò ní Schengen, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn tí kò nílò físà rárá ni à bá dá dúró ní Folkestone, ibi tí a ó ti kúrò ní Ìlú Ọba. A ti fi méjèèjì ránṣẹ́ fún tuntun. Folkestone náà ni àwọn ọlọ́pàá Faransé ti ń yẹ ènìyàn wò kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gba abẹ́ òkun kọjá fún ìṣẹ́jú 35. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun tí wọ́n fi ń ya fọ́tò àlejò, tí wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka ẹnikẹ́ni tí kò nílò físà tí ó bá ti pé ọdún 12.

Ti ọkọ̀ kò le púpọ̀. Ẹni tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ti mọ ìyà owó èéfín ọkọ̀. Köln ń béèrè sítíkà aláwọ̀ ewé lójú gíláàsì, Ghent sì fẹ́ kí ọkọ̀ àjèjì forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó wọ àárín ìlú. Àmì UK ni a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ọdún 2021, kì í ṣe GB mọ́. Ìnáwó tí ó bí mi nínú ni ti Swítsàlandì, níbi tí owó márosẹ̀ jẹ́ fránkì 40 fún ọdún kan, tí kò sì sí ti ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí yóò sùn níbẹ̀ ní òru méjì péré. Mo ní kí a gba ọ̀nà ìgbèríko. Táíwò ṣírò àkókò tí yóò fi kún un, ó sì bi mí bóyá òfin wákàtí márùn-ún kò kan èmi tí mo ṣe é ni. Mo san fránkì 40.

Oúnjẹ ni ìyá wọn gbà mú. Láti ìgbà tí Ìlú Ọba ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, ènìyàn kò gbọdọ̀ gbé ẹran tàbí wàrà láti ibí wọlé sí ọ̀dọ̀ wọn. Jọ̀lọ́ọ̀fù eléran adìyẹ tí a gbé lọ nígbà kan rí, a kò lè gbé e mọ́. Wọ́n gba ẹja láyè, wọ́n sì gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, nítorí náà gàrí, ẹja gbígbẹ àti ata díndín aláìlẹ́ran ni yóò wà nínú kúlà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìjókòó, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ wa wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni àwọn ẹ̀rọ tí ń gba owó márosẹ̀ ní Faransé wà, nítorí náà ẹni tí ó bá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni yóò máa na ọwọ́ jáde láti fa tíkẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì san owó nígbà tí a bá ń jáde. Ẹni náà ni yóò tún máa yan orin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ ipò yìí, wọ́n sì ti kọ àkọsílẹ̀ kan mọ́ ara fìríìjì, ìlú sí ìlú, ẹni tí ó kàn. Láti Strasbourg dé Paris, nǹkan bíi kìlómítà 490, Mọ́mì ni yóò wa ọkọ̀, Táíwò ni yóò wà níwájú pẹ̀lú káàdì báńkì mi. Mo wá orúkọ mi títí mo fi rí i nísàlẹ̀ pátápátá: “Dádì: ẹ̀yìn, àárín. Kò gbọdọ̀ mú ẹ̀pà dání.”