Kí Ẹ Tó Dá Rédíò Lẹ́bi: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí mo wà ní ipò yín, mo tú rédíò VHF kan (èyí tí àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) dànù nítorí pé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ àfi bí ọkọ̀ tó ń pè wá bá ti sún mọ́ wa pẹ́kípẹ́kí. Mo de tuntun rọ́pò rẹ̀, bákan náà ló rí. Ọ̀gá mi kò bá mi wí. Ó mú mi lọ sí ìdí òpó, ó ní kí n tú ibi tí wáyà eriali ti so kọ́ra. Omi kán jáde níbẹ̀. Okùn bàbà tó yẹ kó máa dán ti dúdú, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ti bo ẹnu irin rẹ̀.

Omi iyọ̀ máa ń fà wọ inú wáyà lábẹ́ rọ́bà, nítorí náà gígé ṣóńṣó rẹ̀ nìkan kò tó: gígùn apá méjì ni mo gé kúrò kí n tó rí bàbà tó mọ́. Lẹ́yìn tí mo fi òjé jó o, mo fi téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ wé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìpele òkè lè gorí ti ìsàlẹ̀ bí páànù òrùlé.

Ẹ má torí àtidín owó kù lo wáyà tín-ínrín. Bí RG-58, irú wáyà eriali tín-ínrín kan, bá gùn tó mítà 30, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára ni yóò ṣòfò lójú ọ̀nà, tí wáàtì 25 yóò fi di bíi 6 kó tó dé eriali. Ohun tí ẹ ń gbà wọlé náà ń jẹ ìyà kan náà. RG-213, irú wáyà eriali mìíràn, nípọn, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ló ń jẹ.

Ìgbì VHF kì í tẹ̀ tẹ̀lé rogodo ayé tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà gíga eriali ló ṣe kókó: èyí tó ga ní mítà 4 ń rí nǹkan bíi kìlómítà 8, èyí tó wà ní mítà 16 ń rí bíi 16, gíga eriali ẹnì kejì yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Àwọn ọlọ́jà yóò máa yin eriali 9 dB fún yín (dB níbí ni ìwọ̀n bí eriali ṣe ń kó agbára jọ sí ojú kan). Ó dára lórí omi tó dákẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ń fì, ojú rẹ̀ tóóró yóò máa wo inú omi àti ojú ọ̀run. 3 dB ni mo fara mọ́ fún ọkọ̀ onígbòkun.

Bí ariwo bá ṣì ń dí rédíò lọ́wọ́, ẹ ṣí squelch (bọ́tìnì tó ń pa ariwo abẹ́lẹ̀ mọ́) sílẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ọ, ẹ pa gbogbo iná àti ṣájà, kí ẹ wá máa tàn wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọkọ̀ wa, iná LED orí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eriali ló ń fa ariwo náà. A pààrọ̀ rẹ̀, rédíò sì dákẹ́.