Fóònù Mi Kò Bá Mi Dé Láti Rio Vermelho

Salvador, Brazil, ọjọ́ 6, oṣù Kejì

Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ń jí láìmọ ohun tí aago wí. Fóònù ni mo fi ń wo aago, fóònù náà sì ti lọ láti ọjọ́ 2, ọjọ́ ọdún Yemọja ní Rio Vermelho, àdúgbò etíkun kan níbí.

Ẹ̀bi mi pọ̀ níbẹ̀. Ká ní Òṣòdì ni mo wà, àpò àyà ni ǹ bá fi í sí, ọwọ́ mi ì bá sì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí, èrò tó wọ funfun àti búlúù ló kún etíkun, òdòdó lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń kígbe "Odoiá!" Mo gbọ́ "Odò Ìyá" nínú rẹ̀ ketekete. Ìyá kan ń din àkàrà nínú epo pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. (Edé ni wọ́n ń há sínú rẹ̀ níbí, ẹ má bi mí bóyá ó dùn ju tilé lọ.) Ni ara mi bá balẹ̀ bíi ti ẹni tó wà lágboolé bàbá rẹ̀, mo ki fóònù bọ àpò ẹ̀yìn. N ò tíì jẹ àkàrà tán tí àpò fi fúyẹ́. Àbí olè kì í sí lágboolé bàbá ẹni ni?

Lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, nọ́ńbà IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Díjíìtì 15! Ta ló há irú èyí sórí? Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ lórí ni ti Màmá mi, mo bá fi fóònù ìyá onílé mi pè wọ́n ní Ìbàdàn, kí àbúrò mi lè wá páálí fóònù náà tí wọ́n kọ IMEI sí. Abẹ́rẹ́ òun òwú ni Màmá ti kó sínú páálí ọ̀hún, ìyẹn ni wọn ò ṣe jù ú nù. Àbúrò mi náà ló bá mi pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì mi pa. Ti síìmù ni kò ṣeé ṣe: àfi kí n dé ilé, kí n fojú ara mi hàn pẹ̀lú NIN, kí wọ́n tó lè gba òmíràn fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n má sunkún, pé fóònù kan wà ńlẹ̀ táwọn ò lò mọ́, àwọn á fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo sọ fún ìyá onílé, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n mú bírò. Ká ní fóònù jẹ́ dọ́là 200, owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ 40: ó di 240. Owó ibodè jẹ́ 60%, ìyẹn 144, ó di 384. Owó-orí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ICMS tún wà lẹ́yìn, 20% ni ní Bahia, ìpínlẹ̀ tí Salvador wà. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà: kì í ṣe 20% ti 384, ti àpapọ̀ tó máa jáde níkẹyìn ni. Ó di 480, 96 nínú rẹ̀ ló jẹ́ ICMS. Dọ́là 240 gbáko fún aṣọ́bodè lórí ẹrù dọ́là 240! Wọ́n á tún béèrè CPF, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń bèèrè níbí kódà bí èèyàn bá fẹ́ ra oògùn orí fífọ́, èmi ò sì ní. Bí fóònù ọ̀hún kò bá sì ní òǹtẹ̀ Anatel, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Brazil, wọ́n lè dá a padà síbi tó ti wá. Ká ní ẹnì kan ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ni, ì bá kó o sínú ẹrù rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, ẹ má wulẹ̀ fi ránṣẹ́ mọ́."

Lónìí ni mo lọ sí Avenida Sete, òpópónà ìtajà kan níbí, mo ra fóònù kékeré kan tí kò dára tó èyí tó lọ. Pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ta síìmù ti ibí fún mi. Màmá ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n rí +55 71, nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ ti ibí, wọ́n gé e. Mo tún pè, wọ́n tún gé e. Ìgbà kẹta, wọ́n gbé e, wọ́n ní "Ẹ̀yin gbájúẹ̀, Ọlọ́run ń rí yín," wọ́n sì gé e. Mo tún ní láti lọ yá fóònù ìyá onílé kí n tó lè sọ fún wọn pé èmi ni.