Kí Ẹ Tó Ra Rédíò Ọkọ̀ Nítorí GPS: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi nínú rédíò ham, ìyẹn rédíò àwọn aládàáni tó gba láísẹ́ǹsì, ọ̀kan nínú yín tún ti ra rédíò ọkọ̀ nítorí pé wọ́n kọ GPS gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀. Ó dè é mọ́ ọkọ̀, ó wa ọkọ̀ káàkiri, kò rí ara rẹ̀ lórí máàpù, ó wá ń bi mí bóyá rédíò náà ti bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́ o. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ló ń ṣe. Ó ti sú mi láti máa dá ìbéèrè kan náà lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo yín. Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń gba láísẹ́ǹsì, mi ò sì ní ṣàlàyé ìyàtọ̀ VHF sí UHF. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, kó ṣì fi rédíò watt 50 sílẹ̀ ná.

Ẹ̀kọ́ kìíní: GPS kì í sọ̀rọ̀. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń gbọ́ sátẹ́láìtì, ó ń ṣírò ibi tí ọkọ̀ wà, iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀. Rédíò ló máa mú ìṣirò yẹn, tí yóò dì í, tí yóò sì fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́ ní èdè tí àwọn tó wà níta gbọ́. Èdè tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ ni APRS, ọ̀nà tí rédíò fi ń fi ibi tó wà àti ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́. Bob Bruninga ló dá a sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun ojú omi ti Amẹ́ríkà. WB4APR ni àmì ìpè rẹ̀, ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ohùn méjì, 1200 Hz àti 2200 Hz, ni modẹ́ẹ̀mù rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ ìsọfúnni di ohùn, máa ń lò lórí FM lásán, ní ìyára 1200 baud. Ìkànnì kan ṣoṣo sì ni àwọn ará agbègbè kọ̀ọ̀kan ti ń pàdé: 144.390 MHz ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, 144.800 ní Yúróòpù, 145.175 ní Ọsirélíà. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ní láti tọrọ àyè kó tó gbọ́ ọ. Digipeater tó wà lórí òkè á gbọ́ ọ, á tún un fọ́n. iGate á gbọ́ ọ, á jù ú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ lè rí i lórí aprs.fi tí Heikki Hannikainen, OH7LZB, ará Finland, ṣe. Ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé yín náà á gbọ́ ọ tààrà, bí íntánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ti kú.

Àwọn rédíò mìíràn wà tí GPS wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tó jẹ́ pé inú ohùn díjítà bíi D-STAR tàbí DMR ni wọ́n ń kó ibi tí ẹ wà sí. Rédíò tó bá gbọ́ irú díjítà yẹn nìkan ló lè tú u. Ohun tó dára ni, fún ẹni tó mọ ohun tó ń rà. Kenwood TM-D710G àti Yaesu FTM-400XDR ní tiwọn ní GPS nínú, wọ́n sì ní modẹ́ẹ̀mù APRS nínú. TM-D700 àtijọ́ ní modẹ́ẹ̀mù náà, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa wá GPS so mọ́ ọn.

Ẹ̀kọ́ kejì kò gùn. Kí rédíò náà ní etí méjì. Etí kan yóò jókòó sí ìkànnì APRS látàárọ̀ dalẹ́. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ènìyàn kankan. Àwọn kan ń gbé nọ́ńbà méjì sójú rédíò, tó sì jẹ́ pé etí kan ló ń sáré láti ọ̀dọ̀ èkíní lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ẹ wo ìwé ìlò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí ó ná ẹgbẹ́ wa lówó, ó sì ná èmi ní orúkọ.

Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa wá bójú tó ìdíje kẹ̀kẹ́ kan tó gba orí òkè kọjá. Ọkọ̀ mẹ́rin tó gbé olùtọ́jú aláìsàn yóò máa tẹ̀ lé àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Àwa tó wà ní ibùdó yóò máa wo ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, kí a lè rán èyí tó bá sún mọ́ ẹni tó bá ṣubú. Wọ́n fún wa lówó ká fi ra rédíò. Mo kọ ojú ìwé méjì sí alága. Mo ní ká ra èyí tó ní modẹ́ẹ̀mù APRS tòótọ́. Bí owó kò bá tó, ká ra rédíò FM lásán pẹ̀lú tracker, àpótí kékeré tó ń fi ibi tí GPS bá sọ ránṣẹ́ ní APRS, tí a lè so mọ́ ọn, torí digipeater ẹgbẹ́ mìíràn wà lórí òkè yẹn tí a lè lò. Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní èmi ni mo fẹ́ràn ohun àtijọ́. Ó ti kà á nínú ìwé ìpolówó pé GPS wà nínú rédíò díjítà kan, pé ojú rẹ̀ ní àwọ̀ mèremère, pé ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ó ra mẹ́rin. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sínú ọkọ̀. Kò ra ìkankan fún ibùdó, torí ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì la ó ti máa wò wọ́n.

A ṣe ìdánrawò ní ibi tí à ń gbé ọkọ̀ sí, lábẹ́ repeater gan-an, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn rédíò tó sì ń tún un fọ́n jìnnà. Alága tẹ máìkì, ó ka ení, èjì dé ẹẹ́wàá, àmì ọkọ̀ rẹ̀ sì yọ lórí máàpù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ní kí ọkọ̀ kan lọ sí ẹ̀yìn òkè ká tó gbà pé ó dára. Wọ́n ní kò sí àyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje, ẹ fi etí sí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an ò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Irú rédíò tí wọ́n rà yẹn, ìgbà tí ènìyàn bá tẹ máìkì ló ń fi ibi tó wà ránṣẹ́, àfi bí a bá ti lọ yí i padà nínú ètò rẹ̀ pé kó máa ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yí i. Nítorí náà, awakọ̀ tó mọ ìwà rédíò, tí kì í sọ̀rọ̀ tí kò nídìí, kò kúrò lójú kan lórí máàpù. Aláròyé kan wà nínú wọn, bí irú rẹ̀ ṣe máa ń wà níbi gbogbo, tó ń sọ ojú ọjọ́, tó ń sọ òkúta tó rí lọ́nà. Òun nìkan ló dà bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wá kọjá sí ẹ̀yìn òkè, repeater kò gbọ́ wọn mọ́. FM á kọ́kọ́ máa hó ṣáá-ṣáá, etí á sọ fún ẹ pé ó ti ń jìnnà. Díjítà kì í kìlọ̀ bẹ́ẹ̀; ó mọ́ gaara, ó sì já. Máàpù ní tirẹ̀ kò pa nǹkan kan rẹ́. Àmì mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀, wọ́n rẹwà, ẹni tó bá ń kọjá lẹ́yìn mi á ní nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ.

Ọkùnrin kan ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tó dúró ní kọ́nà pè wá lórí FM. Máàpù fi hàn pé ọkọ̀ kẹta wà nítòsí rẹ̀. A pè é, pè é. Nígbà tí fóònù rẹ̀ wá wọlé, ó ní òun ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, òun ti wà ní òdìkejì òkè. Ó ń yí padà bọ̀. Ọkọ̀ kìíní, tí máàpù gbé sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ló dúró sí ibi tí kò tó kìlómítà kan sí ẹni tó ṣubú. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ jókòó, ó ń mumi. Kò gbọ́ ariwo ẹni tó wà ní kọ́nà, torí orí díjítà ni wọ́n yí rédíò tirẹ̀ sí, FM sì ni ẹni yẹn ń pariwo lé lórí. Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú tí ọkùnrin yẹn fi dùbúlẹ̀ lójú títì pẹ̀lú eegun èjìká tó ṣẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Mo gbé rédíò FM kékeré tèmi wá sí ibùdó lọ́jọ́ náà, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Dire Wolf sì ń tú APRS tó bá gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà ẹgbẹ́ wá wòran nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó, pẹ̀lú rédíò àtijọ́ kan àti GPS tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀. Àmì rẹ̀ rìn lójú kọ̀ǹpútà mi látàárọ̀ títí ìdíje fi parí, lẹ́yìn òkè àti níwájú òkè, nípasẹ̀ digipeater tí mo ti kọ sínú ojú ìwé méjì yẹn. Kò tẹ máìkì lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó wá wòran nìkan la mọ ibi tó wà.

Nígbà tí a jókòó ṣèpàdé, alága ní ẹni tó jókòó ti máàpù ni kò lajú. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sínú àkọsílẹ̀. Orí yéye ní í mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwé tí mo kọ. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ohun tó wà nínú ojú ìwé kejì gan-an ni wọ́n lọ rà, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé rédíò lẹ wá gbọ́.

Mo ní ẹ̀kọ́ kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà tẹ́lẹ̀. N ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ máa wo ọjọ́ orí àmì tó wà lórí máàpù kí ẹ tó gbà á gbọ́. Aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà ṣe pàtàkì ju àmì fúnra rẹ̀ lọ, èmi náà sì ti ń pariwo ìyẹn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún burú jù wà: àwọn rédíò kan wà tó jẹ́ pé bí GPS wọn kò bá rí sátẹ́láìtì mọ́, ibi tí wọ́n mọ̀ kẹ́yìn ni wọ́n á máa fi ránṣẹ́. Aago á tuntun, ibẹ̀ á sì ti di àná. Ìwé ìlò máa ń sọ bí a ṣe lè dá èyí dúró, ní ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Bí ẹni tó ń tà bá sọ pé rédíò rẹ̀ "ní APRS", ẹ bi í bóyá ó ń gbọ́ tàbí ó kàn ń fọ́n nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fọ́n tí kò lè tú ti ẹlòmíràn, kò sì lè gba ìwé kúkúrú tí a bá fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ bi í bóyá modẹ́ẹ̀mù inú rẹ̀ ṣeé so mọ́ kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá ní èrò láti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Àwọn kan ti modẹ́ẹ̀mù tiwọn pa mọ́nú.

Ní ti ètò rẹ̀, WIDE1-1,WIDE2-1, èyí tó ń sọ iye ìgbà tí digipeater lè tún ọ̀rọ̀ yín fọ́n, tó fún ọkọ̀. Àwọn kan nínú yín ń kọ nọ́ńbà ńlá síbẹ̀ kí wọ́n lè rí ara wọn ní ìlú òkèèrè. Ìkànnì kan ni gbogbo wa ń pín. Ní 1200 baud, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló lè gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tó bá ń fi ibi tó wà ránṣẹ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti gba ẹnu gbogbo ará àdúgbò mọ́ wọn lẹ́nu. SmartBeaconing ni kí ẹ lò, èyí tí Tony Arnerich, KD7TA, àti Steve Bragg, KA9MVA, gbé jáde: bí ọkọ̀ bá ń sáré tàbí tó bá yà ní kọ́nà, á ránṣẹ́ kíákíá, bó bá dúró, á dákẹ́ díẹ̀. Kí ẹ sì fi -9 sí ẹ̀yìn àmì ìpè yín, kí á mọ̀ pé ọkọ̀ ni.

Ẹ má fi rédíò watt 50 mọ́ ihò tí a fi ń tan sìgá. Ó lè fa ju ampere 10 lọ ní volt 13.8, orí bátìrì ni kí wáyà rẹ̀ ti wá, kí fíúùsì sì wà nítòsí bátìrì. Àárín òrùlé ọkọ̀ ni àyè áńtẹ́nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀pá kékeré tó tó 49 sẹ̀ǹtímítà ni. Dígí iwájú ọkọ̀ mìíràn ní irin tín-ínrín nínú tó máa dí GPS lójú, ẹ ó sì máa bú rédíò.

Fún ẹni tó bi mí ní ìbéèrè: má ta rédíò rẹ, ó dára fún ọ̀rọ̀ sísọ. Bí o bá fẹ́ ra òmíràn, mú un lọ sí ẹ̀yìn òkè kí ọjọ́ tí o lè dá a padà fún wọn tó kọjá. Kí ẹnì kan jókòó sílé pẹ̀lú rédíò FM, kó pa íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ, wa ọkọ̀ lọ, má fọwọ́ kan máìkì, kí o sì bi í lẹ́yìn náà pé ibo lo gbà lọ.