Ọ̀rọ̀ tí kò bá wọ mínìtì: ohun tí mo kọ́ nínú ìgbìmọ̀ iléèwé àdúgbò wa

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣojú àwọn ìyá nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa n'Íbàdàn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní SBMC. Télọ̀ ni mí. Ọmọ mi méjì ló ń lọ síléèwé náà nígbà yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa orúkọ mi kalẹ̀ nípàdé òbí, mo rò pé kí n ṣáà máa lọ jókòó ni, kí n máa gbọ́ ohun tí àwọn àgbà bá sọ, kí n wá ròyìn rẹ̀ fún àwọn ìyá tó kù. Ọdún kan gbáko ni mo fi ṣòfò pẹ̀lú èrò yẹn. Nítorí ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀ lọ́la ni mo ṣe ń kọ èyí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin obìnrin.

Ìgbìmọ̀ yìí kì í ṣe PTA o. PTA jẹ́ ti òbí àti olùkọ́. SBMC gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: aṣojú baálẹ̀ wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ obìnrin wà níbẹ̀, àwọn tó jáde níléèwé náà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àní olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kùnrin lóbìnrin náà ní àyè. Ìdí nìyẹn tí ojú àwọn olóṣèlú kì í fi í kúrò lára rẹ̀. Gbogbo ẹni tó lè kó ìbò àdúgbò jọ ló pé sórí bẹ́ńṣì kan.

Ilẹ̀ iléèwé wa kan títì, apá kan féǹsì iwájú sì ti wó. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè wá sípàdé, a bá káńsílọ̀ wa níbẹ̀. Ó ní òun ti rí àwọn tó máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ sí ojú féǹsì yẹn, wọn á máa sanwó, iléèwé á sì máa rówó ná. Ó dùn ún gbọ́ létí. Mo nawọ́. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Mo ní ṣáláńgá wa ti kún, àwọn ọmọbìnrin kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ń sá lọ sílé tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n wọ́n, àwọn mìíràn kì í sì í padà wá mọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Mo wá bèèrè pé ta ló máa máa gba owó ṣọ́ọ̀bù, àkáǹtì wo ló sì máa wọ̀. Alága ní, "A ti gbọ́ yín, màmá." Mo darí sílé pẹ̀lú ìdùnnú pé mo ti sọ tẹnu mi.

Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé ka mínìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí a sọ nípàdé tó kọjá. Ìwé olójú ewé ogójì tí àwọn ọmọ ń lò ló fi kọ ọ́, bírò aláwọ̀ búlúù. Ó kà á débi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù: "Gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀." Mo ń retí kó ka ti ṣáláńgá. Kò sí níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ eré àwọn ọmọ, kò sí ìbéèrè owó. Orúkọ mi jáde lẹ́ẹ̀kan péré, ní ìlà tó gbẹ̀yìn, pé èmi ni mo gbàdúrà ìparí. Alága bèèrè ẹni tó máa gbà á wọlé, ọwọ́ ẹnìkan gòkè, ti ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, ó parí. Mo dákẹ́. Ọkàn mi ń jó bí iná, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kan wà nínú ìgbìmọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé àfi ká pariwo, ká kó àwọn ìyá jáde. Ta ni kò rántí 2016 n'Íbàdàn, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní òun fẹ́ kí àwọn aládàáni wá bá òun ṣàkóso iléèwé girama 31, tí àwọn olùkọ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yarí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú sí títì? Bàbá ní, "Iléèwé 31 nìyẹn, gbogbo ìlú ló kàn. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ lẹ̀yin ń bá jà. Ta ló máa bá yín tò lójú títì?" Ó wá kọ́ mi. Ó ní kí wọ́n tó gba mínìtì wọlé, àyè wà fún àtúnṣe, àyè yẹn kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn lèèyàn ń dìde, kó sọ pé ohun báyìí ni mo wí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́ sọ ohun tó wúwo, kí n kọ ọ́ sórí ìwé láti ilé, kí n kà á, kí n sì fa ìwé náà lé akọ̀wé lọ́wọ́. Akọ̀wé tiwa kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí etí rẹ̀ bá mú ló ń kọ, ọ̀rọ̀ àwọn tó wọ agbádá ni etí rẹ̀ sì máa ń mú.

Ìyẹn ni mo ṣe nípàdé kẹta. Wọ́n fajú ro díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́.

Ohun tí mo tún rí ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ti parí nílé ẹnìkan ká tó débi ìpàdé. Mo bá lọ kí Bàbá Mọ́gàjí ní àárọ̀ Sátidé, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Bàbá ò tíì gbọ́ nǹkankan nípa ṣọ́ọ̀bù. Agbo ilé wọn ló yọ̀ǹda ilẹ̀ yẹn nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, tí ọmọ pọ̀ ju iléèwé lọ. Kò sí ìwé kankan lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Bàbá dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Kín ni wọ́n ní àwọn fẹ́ tà níbẹ̀?" Láti ọjọ́ yẹn, aṣojú agbo ilé kò pa ìpàdé jẹ mọ́.

Lẹ́yìn náà la kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi wà lórí tábìlì ìránṣọ mi, àwọn ìyá ń yà wá fọwọ́ sí i tí wọ́n bá ti já ọmọ sílẹ̀. Ìyá alákàrà tó wà ní kọ̀rọ̀ dé, ẹ̀wà lílọ̀ ṣì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi ìró rẹ̀ nù ún dáadáa, ó tẹ̀ ẹ́ sínú íńkì. Ó ní ọjọ́ ìdìbò nìkan ni wọ́n máa ń bèèrè ìka òun. Àwa 46 ló wà lórí ìwé náà.

Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti to àkàbà tí ẹ̀sùn máa gùn fún wa: Àbújá ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ìpínlẹ̀ ní ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SUBEB, ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fò ó. Ẹ sì rí i pé èyí tó ni iléèwé yín lẹ lọ, torí ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Íbàdàn. Èmi kọ́kọ́ gbé ìwé lọ síbòmíràn, nítorí ilé mi wà ní apá kan títì, iléèwé wà ní apá kejì. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ mú dání. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Tí akọ̀wé bá ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ padà lọ lọ́la.

N kò sọ káńsílọ̀ di ọ̀tá, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí èèyàn rí iṣẹ́ tí òun ṣe, kò sí aburú níbẹ̀. A sọ fún un pé tó bá bá wa wá owó ilé ìyàgbẹ́, àwọn ìyá máa jáde wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó ṣe é, a sì jáde, a wọ aṣọ ẹgbẹ́. Ilé ìyàgbẹ́ yẹn ní ilẹ̀kùn tó ṣe é tì láti inú. Àwọn ọmọbìnrin kì í sá lọ sílé mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ di mẹ́ta, ní igun tí kò dí eré àwọn ọmọ lọ́wọ́. Títí di òní, èmi ò fẹ́ràn mẹ́ta yẹn. Ilẹ̀ ọmọ ni. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde ní báǹkì, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyá. Wọ́n ń ka iye tó wọlé ní gbogbo ìpàdé. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹta jẹ owó táàmù méjì báyìí. Ìyá tó gba ipò lọ́wọ́ mi ló dìde tó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí mínìtì, pẹ̀lú ọjọ́ tí onígbèsè náà ní òun máa san án.