Ọbẹ̀ aláìní mágì: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, wọ́n ní kí n dín iyọ̀ kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ pé 5 gíráàmù, ìyẹn ò kún ṣíbí tíì kan, mágì inú ọbẹ̀ àti iyọ̀ inú búrẹ́dì sì wà nínú ìṣirò náà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọbẹ̀ ilé rẹ̀ bá ti tẹ́, ọ̀dọ̀ olóúnjẹ ni yóò padà sí, gbogbo ìmọ̀ràn á sì di asán. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́ ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré tí yóò sì dùn. Oògùn tí dókítà kọ ò dúró o, mò ń lò ó lọ.

Ìṣasùn amọ̀ ni mo kọ́kọ́ rà, ní ọjà Àjàrá tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún. Mo se omi ọgì nínú rẹ̀ kí ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ lè dí.

Irú ló gba àkókò mi jù. Ìyá tí mo ń bá rajà ní ọjà Ouando ò jẹ́ kí n mú èyí tí mo kọ́kọ́ nawọ́ sí.

“Ọmọ mi, gbóòórùn rẹ̀ ná.”

Wọ́n ṣí ewé, wọ́n fi ìka méjì mú ẹyọ kan, wọ́n fà á sókè. Ó fà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn.

“Èyí tó bá fà báyìí ló ti dójú ẹ̀.”

“Ìyá, ẹ ò fi iyọ̀ sí i?”

“Ti apá ọ̀hún ni mo fi iyọ̀ sí, kó má baà tètè bàjẹ́. Èyí ò ní.”

Bí n kò bá bèèrè, iyọ̀ tí mo ń sá fún ni mi ò bá tún fowó rà. Wọ́n ní iṣẹ́ ńlá ni: wọ́n á se kóró irú pẹ́ títí kí èèpo rẹ̀ tó ṣeé bó, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá bò ó síbi tó móoru.

Bí mo ṣe ń sè é nìyí. Àlùbọ́sà tó pọ̀ ni mo ń fi epo díẹ̀ dín títí yóò fi rọ̀. Irú á tẹ̀ lé e kí ata tó wọlé, torí irú tí epo gbígbóná bá kàn a máa ta sánsán ju èyí tí a dà sínú omi ọbẹ̀ lọ. Ata, tòmátì, atalẹ̀ àti aáyù ló kàn, lẹ́yìn náà edé gbígbẹ tí mo ti fi omi gbígbóná ṣàn. Iyọ̀ ló ń gbẹ̀yìn, nígbà tí mo bá ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Bó tilẹ̀ kéré, ahọ́n yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀fọ́ gbọ̀mà ló bá ọbẹ̀ yìí mu jù. Mo máa ń bọ̀ ọ́ díẹ̀ kí ìkorò rẹ̀ lè dín kù.

Nínú ewédú, àkáun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ò fiyè sí. Sodium tó wà nínú iyọ̀, tó ń fa omi mọ́ inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ru, ó wà nínú àkáun náà. Mo ti yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ewé tútù, omi tó ń hó, àti ìjábẹ̀ tí ọwọ́ ò gbọdọ̀ dá dúró lórí rẹ̀: ó ń fà dáadáa.

Ìyàwó mi, tí kì í fẹ́ gbọ́ pé ọbẹ̀ ò ní mágì, ló ń gbé ìṣasùn kaná fúnra rẹ̀ báyìí.

Olèlè ló kù. Ìyá oníirú ní kí n po irú díẹ̀ mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ kí n tó pọ́n ọn sínú ewé. Mi ò jẹ irú olèlè bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ ẹ̀wà ti wà nínú omi.