Ọmọ tó wà lórí pákó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, mo ní kí n kọ ọ́ báyìí. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Scotland níbí, tọ́mọ yín ń jó Highland, ijó ìbílẹ̀ àwọn ará Scotland, ẹ mọ bí Sátidé games, ọjọ́ ìdíje wọn, ṣe máa ń rí, òjò, fèrè, okùn bàtà tó já. Àtìgbà tọ́mọ mi ti wà ní Primary ni mo ti ń ṣe steward, ẹni tó ń to àwọn ọmọ sórí pákó tí wọ́n ti ń jó, lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ti dàgbà, ó ti kó lọ sí London, èmi ò kúrò. Tó bá di oṣù kẹjọ, tí wọ́n ń jó ìdíje àgbáyé ní Cowal Games, ìlú Dunoon lẹ máa bá mi.

Sátidé tó kọjá, ijó idà ló kàn, èyí tí wọ́n ń jó lórí idà méjì tí wọ́n fi dábùú ara wọn sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń jó o dáadáa, àfi bí onífèrè ṣe mú orin yára fún ìpele tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀ bá gbá idà, idà yí. Ẹ mọ̀ pé tẹ́sẹ̀ bá kàn kàn án, máàkì ló máa lọ, àmọ́ tí idà bá ti kúrò láyè ẹ̀, ijó yẹn ti tán fún un nìyẹn. Ni ìyá ẹ̀ bá já wọlé, ó ń pariwo mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn pé èmi ni mo fọmọ òun síbi tí pákó ti tutù, pé kí ló kan aláwọ̀ dúdú nínú ijó àwọn. Àwọn tá a jọ ń mu tíì láti ọdún yìí wá dúró síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Ara mi ń gbọ̀n. Ọmọ náà ṣì wà lórí pákó, àwọn yòókù ń jó lọ, òun dúró gbagidi, ó ń wò mí, kò mọ̀ bóyá kóun sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ìyá sílẹ̀, mo lọ dúró létí pákó lọ́dọ̀ ẹ̀ títí orin fi parí.

Ọmọ náà jó Seann Triubhas, ijó Highland mìíràn, ó gba ipò kejì. Àwọn kọmití pè mí lálẹ́, wọ́n bẹ̀ mí. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Èkejì, steward kì í fúnni ní máàkì, jọ́ọ̀jì ló ń kọ ọ́, èmi kàn ń tò wọ́n ni, pákó yẹn sì tutù fún gbogbo wọn. Ẹ̀kẹta, tọ́mọ bá gbá idà, ẹ má dárúkọ idà fún un títí tó fi jó èyí tó kù, ẹ fún un lómi, ẹ bá a so okùn bàtà ẹ̀, torí òun lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò, ìjà lè dúró.

Àwọn èèyàn wa kan ní kí n fi sílẹ̀, pé ijó òyìnbó ni. Ijó tí mo ti fayé mi sìn? Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀.